Ọwọ́ Tó Yọ̀ Lára Irin

Láti Òkìtìpupa títí dé Ìrẹ̀lẹ̀, bí irin kan bá kọ̀ tí kò gbọ́ ti àwọn mẹkáníìkì mọ́, ọ̀dọ̀ Lérè ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkìtìpupa kò ju yàrá kan lọ. Páànù ni wọ́n fi bò ó, ẹ̀rọ léètì kékeré kan ló sì wà láàárín rẹ̀. Ẹ̀rọ náà á di irin mú lẹ́nu, á máa yí i bírí bírí, Lérè á wá fi ọ̀bẹ tó le ju irin náà lọ máa fá a díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ohun tó fẹ́ kó dà. Ẹnjiníà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kò ka ìwé ẹnjiníà níbì kankan. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ṣẹ́ ní Sàpẹ́lẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin Ìjọ́ kan, ará Arógbò, tó ń jẹ́ Desmond. Ṣùgbọ́n orúkọ náà dùn mọ́ ọn, kì í sì í sọ fún ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ pé kó má pè é mọ́.

Ọmọ Iyansan ni èmi àti ẹ̀, a jọ dàgbà ni. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé, “Mi ò lè ṣe èyí.” Ohun tó fà á tí mo fi ń kọ ìtàn yìí nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi látòkèdélẹ̀, kò sì fi èyí tó máa tì í lójú pa mọ́.

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2023, Eunice, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Tẹjú, gun ọ̀kadà wá láti Iyansan. Ó gbé ọ̀pá irin kan tó ti tẹ̀ kọrọdọ dání. Ìyá Tẹjú ló ni ẹbu tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ní Iyansan, níbi tí wọ́n ti ń fún epo pupa. Ọ̀pá náà ni wọ́n máa ń kì bọ orí ẹ̀rọ ìfúnpo, tí èèyàn méjì á di orí rẹ̀ méjèèjì mú, tí wọ́n á máa tì í yí po kí ẹ̀rọ lè tẹ eyìn mọ́lẹ̀ kí epo sì jáde. Lérè ló ṣe ọ̀pá náà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Níbi tí ọwọ́ máa ń dì mú, ó fín in ní ìlà wẹ́wẹ́ tó ń gé ara wọn kọjá, tó fi rí págunpàgun bí awọ alángbá, kí ọwọ́ olóòróró má baà yọ̀.

“Ẹnjiníà, o kú iṣẹ́ o,” ni Ìyá Tẹjú wí. “Èyí ti ṣe tirẹ̀ tán. Bá mi ṣe òmíràn, kó nípọn jù ú lọ. Bí o sì ṣe fín ti ìṣáájú yìí ni kí o fín tuntun. Ṣé o mọ̀ pé epo là ń bá jà lójoojúmọ́.”

“Ìyá Tẹjú, ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ wá gbé e.”

Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ti mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fín irin kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá Desmond ló fún un lọ́jọ́ tó gba òmìnira iṣẹ́. Irinṣẹ́ náà ní kẹ̀kẹ́ kékeré méjì tí eyín yí po. Bí wọ́n bá ti kẹ̀kẹ́ náà mọ́ ara irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ, eyín rẹ̀ á tẹ ara irin náà, ìlà á sì jáde. Ní ọdún 2021, Lérè fi ipá tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin kan tó le jù, ni eyín kẹ̀kẹ́ méjèèjì bá ya dànù. Ó sọ ọ́ sínú òkìtì irin àlòkù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì wá òmíràn. Láti ìgbà yẹn, ó máa ń fi ọgbọ́n yí àwọn oníbàárà lọ́kàn padà ni.

Nígbà tí Ìyá Tẹjú padà wá, ọ̀pá tuntun ń dán yanran, o lè fi wo ojú ara rẹ. Ìyá náà fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti orí dé ìdí.

“O ò fín in.”

“Ìyá, fífín ti di àtijọ́,” ni Lérè dáhùn. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún. “Ìdọ̀tí ló máa ń kó sínú ìlà wọ̀nyẹn, á sì máa bọ́ sínú epo yín. Dídán báyìí ni wọ́n ń lò láwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá.”

Ìyá Tẹjú wo ọ̀pá náà, ó wo ojú Lérè. “Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n,” ló wí. Ó gbé e lé èjìká, ó lọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gálọ́ọ̀nù epo kan ránṣẹ́ sí i pé òun dúpẹ́, ọ̀pá náà lágbára gan-an. Lérè kò gbé epo náà délé. Ó tì í sábẹ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni eyìn máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù náà, Ìyá Tẹjú àti Charity ń fún epo láàárọ̀. Charity ni ìyàwó àbúrò ọkọ Ìyá Tẹjú. Inú agbo ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ìkòkò kan náà ni wọ́n sì ti ń bu ọbẹ̀. Ìyá Tẹjú di orí ọ̀pá kan mú, Charity di ìkejì. Charity ti fi àkísà wé ọwọ́ ní tiẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ti bó láti ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n ti yí ẹ̀rọ náà dé ibi tó le jù, tí àwọn méjèèjì fi gbogbo ara tì í, ni ọwọ́ Ìyá Tẹjú bá yọ̀ lára irin. Ó ṣubú síwájú. Charity kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ṣì ń tì. Ọ̀pá náà yí wá, ó sì gbá Ìyá Tẹjú lẹ́nu. Eyín iwájú méjì bọ́, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì dá nígbà tó fi gbé ara rẹ̀ balẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo Iyansan ti gbọ́.

Ìjọ Aládúrà kan náà ni Ìyá Tẹjú, Charity àti Lérè ń lọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òkìtìpupa ni Lérè ń gbé, ó máa ń wá sílé lọ́jọ́ Ìsinmi, alàgbà sì ni nínú ìjọ. Lọ́jọ́ náà, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn alàgbà nínú aṣọ funfun rẹ̀ nígbà tí Wòlíì dìde, tó ní òun ríran.

“Mo rí ọwọ́ kan tó ń ti ọwọ́ kan,” ni Wòlíì wí. “Ìṣubú arábìnrin wa kì í ṣe ojú lásán. Ẹni tó ń bá a jẹun ni.”

Kò dárúkọ. Kò sì pọn dandan kó dárúkọ, torí orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí Charity jókòó sí. Obìnrin kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ṣebí tiẹ̀ kò yọ̀? Kí ló dé tó fi wé ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an?” Wòlíì ní kí gbogbo ìjọ dìde. Wọ́n dìde, agogo dún.

“Ọwọ́ tó ti Eunice ṣubú, kí ó rọ!”

“Àmín!”

“Ẹni tó ń bá a jẹun tó sì fẹ́ bà á jẹ́, kí ilẹ̀kùn ilé náà tì mọ́ ọn!”

“Àmín!”

Lérè sọ fún mi pé òun gbọ́ ohùn ara òun láàárín ohùn àwọn yòókù. Òun ṣe àmín àkọ́kọ́, òun sì ṣe èkejì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kóun sọ wà lọ́fun òun, kò ju gbólóhùn kan lọ: èmi ni mi ò fín irin náà. Ó wo Charity. Obìnrin náà dúró gbọnrangandan, ó di ìwé orin mú láyà, òun náà sì ń ṣe àmín. Ìgbà tí ìsìn parí ló tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń gbàdúrà lé lórí, nígbà tó na ọwọ́ láti gba ọmọ lọ́wọ́ obìnrin kan tí onítọ̀hún sì gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà, Lérè ń jẹ púpurú láàárọ̀ kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni Susan ìyàwó rẹ̀ wí pé, “Wọ́n ní Charity ti kó lọ sí Àjàgbà, sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ìyá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò dá a dúró.”

Lérè bu òkèlè mìíràn.

“Bàbá Dámi, ìwọ lo ṣe ọ̀pá yẹn, àbí? Ṣé kò lè jẹ́ pé nǹkan kan ṣe é ni?”

“Kí ló máa ṣe é?” Ariwo ló fi sọ ọ́. Susan wò ó tìyanu-tìyanu, torí kì í pariwo mọ́ ọn. Lérè fọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ, ó ní òun ti yó.

Ọjọ́ náà ló pinnu láti ṣe irinṣẹ́ ìfínrin fúnra rẹ̀. Ẹ má rò pé torí kó lè jẹ́wọ́ ni. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí òun bá ti lè fín ọ̀pá tuntun, tí òun gbé e lọ sí Iyansan, tí òun sọ pé òun kàn fẹ́ fi ta Ìyá Tẹjú lọ́rẹ ni, ọ̀rọ̀ náà á tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó fẹ́ kí irin bá òun sọ ohun tí ẹnu òun kọ̀ láti sọ.

Ó kọ́kọ́ lọ tú òkìtì irin àlòkù. Ó rí irinṣẹ́ Ọ̀gá Desmond lábẹ́ àwọn irin mìíràn. Ìpẹtà ti bò ó, kẹ̀kẹ́ méjèèjì sì ti di pẹrẹsẹ bí ẹnu ẹni tí kò léyín mọ́. Ó jù ú sílẹ̀. Ó rántí pé ọ̀gá òun ṣe irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ níṣojú òun nígbà kan ní Sàpẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ lọ gbá nírọ̀lẹ́ ló wà lọ́kàn òun lọ́jọ́ náà. Ìdajì ohun tó rí ló rántí.

Ó gé irin méjì lára ọ̀pá ẹsẹ̀ táyà ọkọ̀ kan tó ti dá. Ó fá wọn títí wọ́n fi rí rìbìtì, tí ìkọ̀ọ̀kan kò tóbi ju ìdérí ìgò mínírà lọ, ó sì lu ihò sí àárín wọn. Lẹ́yìn náà, ó mú irin táàpù, èyí tí wọ́n fi ń ya ìlà sínú ihò nọ́ọ̀tì, ó fi há ẹnu ẹ̀rọ. Ó fi kẹ̀kẹ́ kan sórí ìṣó kan tó nípọn kó lè máa yí fàlàlà, ó sì ń tì í lọ bá táàpù náà bó ṣe ń yí. Táàpù bu kẹ̀kẹ́ jẹ, kẹ̀kẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, eyín wẹ́wẹ́ sì ń jáde lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú Lérè dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà yí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, eyín ìkẹyìn kò bá eyín àkọ́kọ́ mu. Ó gun orí rẹ̀. Bó ṣe ń yí lẹ́ẹ̀kejì, eyín tuntun ń jẹ eyín ti tẹ́lẹ̀, títí ara kẹ̀kẹ́ náà fi di rúdurùdu.

Ìkejì náà rí bẹ́ẹ̀. Ó gé òmíràn. Ìkẹta bọ́ sí i, kò mọ bó ṣe jẹ́, eyín rẹ̀ sì pé. Ó dáná èèpo ẹkùrọ́, ó fẹ́ ẹ títí irin náà fi pọ́n bí ojú oòrùn àṣálẹ́, kí ó lè le. Ó fi ẹ̀mú gbé e, ó jù ú sínú omi. Ó gbọ́ “pá!” Nígbà tó yọ ọ́, ó ti là sí méjì.

Ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì kan. Àwọn èèyàn ń kọjá lójú pópó, wọ́n ń kí i, “Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́,” òun náà sì ń dáhùn. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń lé àwọn oníbàárà padà. Ó mọ ẹni kan ṣoṣo tó lè ran òun lọ́wọ́, ìyẹn gan-an sì ni ẹni tí kò fẹ́ kó gbọ́. Ó mú fóònù, ó fi sílẹ̀. Nígbà tó ṣe ẹ̀ẹ̀kẹta, ó tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá Desmond ti darúgbó. Ó ti fi Sàpẹ́lẹ́ sílẹ̀, ó ti padà sí Arógbò. “Lérè! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ṣì wà láyé?”

“Mo wà, ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe kẹ̀kẹ́ eléyín tí a fi ń fín irin?”

“Èyí tí mo fún ọ ńkọ́?”

Lérè gbé fóònù sí etí kejì.

“Mo ní èyí tí mo fún ọ ńkọ́?”

“Ó ti bàjẹ́, ọ̀gá. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ó ti tó ọdún méjì.”

“Ọdún méjì. Kí lo wá ń sọ fún àwọn tó bá fẹ́ kí o fín irin fún wọn?”

“Mò ń sọ fún wọn pé ayé ò lò ó mọ́.”

Bàbá náà kò bú u. Lérè ní bó bá bú òun ni, ara ì bá tu òun. Ohun tó bi í ni pé, “Ta ló ti ṣèṣe?” Bí ìbéèrè náà ṣe jáde ni omi bọ́ lójú Lérè, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀pá, epo, eyín méjì tó bọ́, ìran, àmín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀.

“Obìnrin kejì yẹn dà báyìí?” ni Ọ̀gá Desmond béèrè.

“Ó wà ní Àjàgbà.”

“Hẹ̀n-ẹ́n.” Bàbá náà mí kanlẹ̀. “Mú bírò. Bí o bá fẹ́ kí eyín kẹ̀kẹ́ pé, àyíká rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba iye eyín tó pé, kó má ku ìdajì. Bí ó bá gun ara wọn, fá kẹ̀kẹ́ náà kéré sí i, díẹ̀ báyìí, bí ẹni fá irùngbọ̀n, kí o tún dán an wò. Má jù ú sómi mọ́. Epo ni kí o jù ú sí. Fi kẹ̀kẹ́ kan sókè, kí o fi ọ̀kan sísàlẹ̀, kí wọ́n fún ọ̀pá náà láàárín, nítorí ẹ̀rọ rẹ kéré. Bí o bá ń tì í láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ̀rọ lo máa bà jẹ́. Kí o sì tẹ ọ̀kan sọ́tùn-ún díẹ̀, kí o tẹ ìkejì sósì, kí ìlà wọn lè máa gé ara wọn bí ojú àwọ̀n. Ṣé o ti kọ ọ́?”

“Mo ti kọ ọ́, ọ̀gá. Ẹ ṣé. Ẹ má bínú.”

“Èmi kọ́ lo máa sọ ìyẹn fún,” ni bàbá náà wí, ó sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, Lérè tún gé kẹ̀kẹ́ méjì. Ó ń fá, ó ń dán an wò, ó tún ń fá, títí eyín ìkẹyìn fi wọlé sáàárín láìgun èyí tó ṣáájú. Nígbà tó kan ti iná, ó wá epo tó máa jù wọ́n sí. Epo kan ṣoṣo tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ni gálọ́ọ̀nù tí Ìyá Tẹjú fún un. Ó bu ú sínú agolo mílíìkì. Irin pípọ́n wọ inú epo, ó hó, èéfín sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Òórùn ẹbu ni. Lérè jáde síta, ó dúró sí ojú títì títí èéfín náà fi tán.

Kẹ̀kẹ́ méjèèjì le, wọn ò là. Ó gé apá méjì lára sípírìn ọkọ̀ ajágbé, ó fi kẹ̀kẹ́ kan sórí ìkọ̀ọ̀kan, ó sì fi bóòtù gígùn kan so wọ́n pọ̀, èyí tó jẹ́ pé bí o bá ń yí i, apá méjèèjì á máa sún mọ́ ara wọn. Ó ti ọ̀pá tuntun kan gba ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọjá, ó fi kẹ̀kẹ́ méjèèjì há orí rẹ̀, ó ta epo díẹ̀ sí i, ó sì tan ẹ̀rọ. Nígbà tó pa á, ìlà wẹ́wẹ́ ti bo orí ọ̀pá náà. Ó ra epo sí ọwọ́, ó di irin náà mú, ó fi gbogbo agbára fà á. Kò yọ̀.

Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ọjọ́ mẹ́fà lọ. Ọdún méjì ló fi sá fún un.

Ní Sátidé, ó gbé ọ̀pá náà sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di Iyansan. Ìyá Tẹjú jókòó níwájú ilé, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú igi tí wọ́n fi dì í, ètè rẹ̀ ṣì wú. Lérè ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé ẹ̀bùn lòun mú wá. Ìyá náà fi ọwọ́ òsì gba orí ọ̀pá, ó ra á.

“O fín in,” ló wí. Láàárín eyín tó bọ́ ni ohùn rẹ̀ ń gbà jáde, ó ń ṣe fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. “O ní ayé ò lò ó mọ́.”

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn tí Lérè fẹ́ sọ wọlé padà. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku níwájú ilé, ọkùnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. “Ìyá Tẹjú, irọ́ ni mo pa. Mi ò ní irinṣẹ́ tí mo fi máa fín in. Mi ò lè sọ pé mi ò ní in. Kò sẹ́ni tó tì yín. Èmi ni.”

Ìyá náà kò ní kó dìde. “Èmi ni mo kó ẹrù Charity síta,” ló wí. “Ọwọ́ òsì yìí ni mo fi kó o. Ó ń sunkún, ó ń pè mí ní ìyá rẹ̀, mo sì ń kó o.”

“Ẹ dárí jì mí.”

“Dìde. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo dárí jì ọ́. Níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni kí o ti lọ sọ èyí.”

Èmi náà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Lérè bọ́ aṣọ àwọn alàgbà, ó wọ aṣọ funfun lásán, ó sì tọrọ àyè lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kejì. Kò pẹ́ tó fi sọ ọ́. Ojú ilẹ̀ ló ń wò. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí a lè ṣe. Wòlíì tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó ní kí akọrin dá orin. Alàgbà kan tilẹ̀ dìde, ó ní, “Ará, ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà fún arákùnrin wa. Ọ̀tá yẹn náà ló ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó lè gba ẹni ibi sílẹ̀.” Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í mirí, wọ́n fẹ́ gbà á gbọ́.

Ìyá Tẹjú ló dìde. Ó gbé ọwọ́ tó wà nínú igi sókè. “Ọwọ́ mi ni eléyìí,” ló wí. “Èmi ni mo mọ ohun tó yọ̀ nínú rẹ̀. Irin ló yọ̀.” Ó fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni òun àti Lérè lọ sí Àjàgbà. Charity ń gé ewé lábẹ́ ibòji kan ní ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn ìyá rẹ̀. Ìyá Tẹjú sọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó sunkún, Charity sì fi ìdí aṣọ nu ojú fún un, torí kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún nu ún. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Lérè, tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba àdúrà yẹn?”

“Mo wà níbẹ̀.”

“Ẹ sì mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Ṣé ẹ ṣe àmín?”

Lérè ní nínú gbogbo ohun tí wọ́n bi òun ní ayé òun, kò sí èyí tó le tó ìyẹn. Irọ́ kékeré kan ì bá gba òun. Kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí sí i láàárín èèyàn tó pọ̀ tó yẹn.

“Mo ṣe é,” ló wí. “Ẹ̀ẹ̀méjì.”

Charity mi orí. Ó padà sídìí ewé tó ń gé, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ọkọ rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì padà sílé. Àwọn kan nínú ìjọ ṣì wà tí kì í jẹ́ kó gbé ọmọ wọn. Lérè kò jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn alàgbà mọ́. Wọn ò lé e, òun fúnra rẹ̀ ni kò lè jókòó síbẹ̀. Ó máa ń wà lẹ́yìn, nítòsí ẹnu ọ̀nà.

Ní oṣù Ògún, ó lọ sí ẹbu láti wò bóyá ìlà ara ọ̀pá náà ti ń parẹ́. Charity àti Ìyá Tẹjú wà lẹ́nu iṣẹ́, eegun ti so, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni Ìyá Tẹjú fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Lérè dúró títí epo fi jáde tán. Ó kí wọn. Ìyá Tẹjú dáhùn. Charity nu ọwọ́, ó fọwọ́ kan orí ọ̀pá níbi tí ìlà wà.

“Ó ń di ọwọ́ mú,” ló wí.

“Mo dúpẹ́,” ni Lérè wí. Ó tún ní, “A ò rí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Àjàgbà ni mò ń lọ báyìí,” ni Charity dáhùn. Ó tẹ̀ba síbi tí eyìn tuntun wà, ó sì ń bù ú sínú ẹ̀rọ. Lérè dúró díẹ̀ sí i, bóyá ọ̀rọ̀ kan á tún jáde. Nígbà tí kò sí, ó lọ sídìí ọ̀kadà rẹ̀.